Ẹsẹ̀ Tó Dúró Ni Kí Ẹ Máa Wò: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Iṣẹ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ Nídìí Barre

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ijó láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ eré orí ìtàgé ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè kan ni wọ́n ní ká wá dáhùn. Kí ni ọmọ tó ń kọ́ ijó ballet ń wá nídìí ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní barre fún ìdajì wákàtí, tó ń na ẹsẹ̀ jáde, tó ń fà á wọlé, lónìí, lọ́la, lọ́túnla, nígbà tó jẹ́ pé fífò àti yíyí ló wù ú?

Ìdáhùn wa ṣe ṣókí, àlàyé rẹ̀ ló gùn. Kì í ṣe ẹsẹ̀ tó ń jáde tó ń wọlé ni iṣẹ́ náà wà fún jù. Ẹsẹ̀ kejì, èyí tó dúró, ni. Gbogbo ojú ló máa ń wà lára ẹsẹ̀ tó ń lọ, ojú òbí, àní ojú olùkọ́ míì pàápàá, nítorí òun ló ń dárà. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá fi barre sílẹ̀, tó bọ́ sáàárín yàrá, tó fẹ́ yí, tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sókè, tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀ láti inú fífò, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ló máa gbé gbogbo ara rẹ̀. Bí kò bá mọ ìdúró, kò sí àrà tí ìkejì lè dá. Iṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí a ń ṣe ní àṣetúnṣe, la fi ń kọ́ ọ ní ìdúró.

Ní 2020, fídíò kan kárí ayé: Anthony Mmesoma Madu, ọmọ ọdún 11, tó ń jó ballet láìwọ bàtà nínú òjò, lórí sìmẹ́ńtì, ní Àjàǹgbàdì l'Ékòó. Ilé ẹ̀kọ́ Leap of Dance Academy, tí Daniel Owoseni Ajala dá sílẹ̀ ní 2017, ló ti ń kọ́ ijó. Yíyí tí ọmọ náà ń yí ni àwọn èèyàn ń pín fún ara wọn. Ó yẹ kí inú wa dùn sí i, ó sì yẹ ká mọ̀ pé ọmọdé kì í déédéé yí lórí ẹsẹ̀ kan lórí ilẹ̀ tó tutù kó má ṣubú. Ìdúró ló kọ́kọ́ kọ́.

Ijó yìí ti pẹ́. Ọba Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé ló dá ilé ẹ̀kọ́ ijó ọba sílẹ̀ ní 1661, Pierre Beauchamp, olùkọ́ ijó ọba náà, ni wọ́n sì sọ pé ó to ipò ẹsẹ̀ márùn-ún tí a ṣì ń lò títí dòní. Ìdí nìyẹn tí orúkọ gbogbo ìgbésẹ̀ fi jẹ́ èdè Faransé, a kò sì ní yí wọn padà níbí, nítorí ọmọ tó bá kúrò ní Ìjẹ̀bú lọ kọ́ ijó níbòmíràn, orúkọ kan náà ló máa bá lọ́hùn-ún. Nínú àwọn olùkọ́ ballet, Enrico Cecchetti ará Ítálì (1850–1928) ní ọ̀nà ìkọ́ni tirẹ̀, Agrippina Vaganova ará Rọ́ṣíà (1879–1951) ní tirẹ̀. Wọn kò fẹnu kò lórí bí apá ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n ìdí barre ni àwọn méjèèjì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀nà ti Vaganova, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa kọjú sí barre, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ẹ̀gbẹ́ sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ máa lọ. Ó pẹ́ kó tó di pé wọ́n ní kó yí ẹ̀gbẹ́ sí barre, kó fi ọwọ́ kan ṣoṣo dì í mú. Àwa náà rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, a sì ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ kí ẹ má ṣe fo ìpele yẹn torí pé àwọn òbí ń kánjú.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọ̀pá àti ilẹ̀. Wẹ́dà èyíkéyìí lè jó barre fún yín. Páìpù onírin ìnṣì kan ààbọ̀ ni kí ẹ béèrè, nítorí ó kún ọwọ́ láìjẹ́ pé ọwọ́ ní láti fún un. Kí wẹ́dà fi fáìlì ra gbogbo ojú ibi tó jó títí á fi dán, kí ẹsẹ̀ ọ̀pá náà fẹ̀ dáadáa, kó má baà mì tí ọmọ bá fara kàn án. Gíga rẹ̀ á wà láàárín ìbàdí àti ìgúnpá ẹni tó ń lò ó: fún àgbàlagbà, nǹkan bíi 100 sí 110 sẹ̀ǹtímítà, fún ọmọ kékeré, nǹkan bíi 80. Tí ọmọdé àti àgbà bá jọ ń lò ó, ẹ ní kó jó páìpù méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ara ògiri lẹ fẹ́ kàn án mọ́, kí àlàfo bí ẹsẹ̀ bàtà kan wà láàárín òun àti ògiri, kí ìgúnpá má baà máa gbá ògiri. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún níwájú ara rẹ̀. Irin ojú fèrèsé kì í ṣe barre o. Ó ga jù, ọwọ́ á sì máa rọ̀ mọ́ ọn.

Táìsì ló wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, sìmẹ́ńtì ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nídìí barre ṣe é ṣe lórí rẹ̀, bí kò bá ti sí omi àti eruku nílẹ̀. Fífò ni kò ṣe é ṣe lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí ilẹ̀ yẹn kì í fún ara láyè rárá, gbogbo agbára tí ọmọ fi balẹ̀ ló máa padà sí ojúgun, orúnkún àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Pílááwùdù tó nípọn, ìpele méjì tí wọ́n dábùú ara wọn, tí fóòmù líle wà lábẹ́ wọn, lè gba fífò kékeré. Bí owó rẹ̀ kò bá tíì sí, ẹ fi fífò sílẹ̀ ná, ẹ máa ṣe barre.

Ọwọ́ tó wà lórí barre, ṣe ni kó rọra wà lórí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbé ara lé e. Ìka mẹ́rin àti àtàǹpàkò á jọ wà lókè ọ̀pá, ìgúnpá á wálẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ á wà níwájú ara díẹ̀ dípò kó wà ní ẹ̀gbẹ́ gan-an. Ọmọ tó bá di barre mú gírígírí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ tó dúró, ó ti gbé e fún apá. Ọ̀nà tí ẹ máa fi mọ̀ kò le: ní ìparí ìgbésẹ̀, ẹ ní kó gbé ọwọ́ sókè kúrò lórí barre, kó ka méjì. Bí ara rẹ̀ kò bá yí padà, ó ń dúró lóòótọ́. Bó bá fì sọ́dọ̀ barre tàbí tó sá fún un, ìbàdí rẹ̀ kò sí lókè ọrùn-ẹsẹ̀ tó dúró lé. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo yìí tó láti darí gbogbo kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ wá kan yíyí ẹsẹ̀ síta, ibẹ̀ ni ìpalára ti pọ̀ jù. Nínú ballet, itan, orúnkún àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa ń kọjú síta. Inú oríkèé ìbàdí ni yíyí yẹn ti yẹ kó wá, níbi tí orí egungun itan ti wọ inú ihò rẹ̀, tí àwọn iṣan kéékèèké mẹ́fà tó wà nísàlẹ̀ ìdí ń yí i. Ẹ̀dá yàtọ̀ síra. Ní ti ọ̀pọ̀ èèyàn, ìwọ̀n tí ìbàdí kọ̀ọ̀kan lè yí síta kò ju bíi dígírì 45 lọ, díẹ̀ sókè tàbí díẹ̀ sílẹ̀. Àwòrán ẹsẹ̀ tó nà tọ́ọ́rọ́ sí ọ̀tún àti òsì tí àwọn ọmọ ń rí lórí fóònù, ìbàdí àwọn díẹ̀ ló lè ṣe é. Ọmọ tí ìbàdí rẹ̀ kò lè ṣe é, tó sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, á tẹ orúnkún, á gbé ẹsẹ̀ sí ibi tó wù ú, á wá na orúnkún padà. Ilẹ̀ ló ń di ẹsẹ̀ yẹn mú síbẹ̀, iṣan kankan kò sí nídìí rẹ̀. Orúnkún tí Ọlọ́run dá láti máa ká kó sì máa nà á wá di ohun tí wọ́n ń lọ́. Ibi tó kòtò lábẹ́ ẹsẹ̀ á wó wọnú, ara á lọ jókòó sórí àtàǹpàkò, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ọmọ á ní inú orúnkún ń dun òun.

Táìsì tí a bú lẹ́ẹ̀kan yìí wúlò níbí. Ẹ ní kí ọmọ wọ ìbọ̀sẹ̀, kó dúró lórí táìsì tó ń yọ̀, kó di barre mú dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, gìgísẹ̀ méjèèjì papọ̀, orúnkún nínà. Kó wá yí itan síta láti òkè, láìtẹ orúnkún rárá. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ kò lè di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ibi tí ọmọ ìka rẹ̀ bá dúró sí ni ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Inú àmì yẹn ni kó ti máa ṣe gbogbo iṣẹ́ barre, bó ti wù kó kéré tó lójú rẹ̀. Bí àwọn iṣan ìdí bá ṣe ń lágbára, á máa lè lo gbogbo ìwọ̀n tó ní, ohun tí a sì ń wá nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni plié, títẹ orúnkún. A ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú demi-plié, ìtẹ̀ kékeré tí gìgísẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Ka mẹ́rin wálẹ̀, ka mẹ́rin gòkè. Orúnkún á lọ sí ọ̀kánkán ìka ẹsẹ̀ kejì, ọ̀pá ẹ̀yìn á dúró ṣánṣán, ìdí kò ní yọ sẹ́yìn, kò sì ní wọ inú. Lábẹ́ ẹsẹ̀, ibi mẹ́ta ni ara gbọ́dọ̀ tẹ̀: ìdí àtàǹpàkò, ìdí ọmọ ìka tó kéré jù, àti gìgísẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ já wálẹ̀ ní kíkà méjì, kó jókòó síbẹ̀ sinmi, kó tó gòkè. Plié tó bá sinmi nísàlẹ̀ kò wúlò fún fífò, nítorí inú ìtẹ̀ tó ń lọ láìdúró ni fífò ti ń rí agbára. Nítorí náà ni a fi ń kà á: kíkà kẹrin gan-an ni kó dé ìsàlẹ̀, ìkarùn-ún kó ti máa gòkè. Tí gìgísẹ̀ bá fẹ́ gbéra, ibẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀ pin lónìí. Kó má ṣe fi agbára lọ sí i. Ti grand plié, tó ń lọ sísàlẹ̀ pátápátá, méjì ní ipò kọ̀ọ̀kan ti tó, gìgísẹ̀ sì máa ń gbéra níbẹ̀, àyàfi ní ipò kejì, níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti yà síra sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò nílò rẹ̀ rárá ní oṣù àkọ́kọ́.

Tendu ni ká wá jókòó tì, nítorí bí ẹ bá ní àyè fún ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lójúmọ́, òun ni kẹ́ ẹ yàn. Ẹsẹ̀ kan dúró, ìkejì fà lórí ilẹ̀ títí tó fi nà tán, ó padà wọlé. Ó rọrùn lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ púpọ̀ wà nínú rẹ̀. Ní kíkà àkọ́kọ́, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ń fà jáde, ó ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ ra á. Ní ìkejì, gìgísẹ̀ ń ṣí kúrò nílẹ̀ bí ewé ṣe ń ṣí kúrò lára mọ́ínmọ́ín, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ní ìkẹta, ìdí àwọn ọmọ ìka ló kù nílẹ̀, àwọn ìka tẹ́ sílẹ̀ gbọrọgbọrọ. Ní ìkẹrin ni ìka wá nà tán, tí orí àtàǹpàkò kàn fara kan ilẹ̀. Kò gbé ìwúwo ara kankan. Ẹ ní kó gbé e sókè bí ìnṣì kan: bí ara rẹ̀ bá mì kó tó lè gbé e, ó ti fi ara lé ẹsẹ̀ tí kò yẹ. Bó ṣe jáde náà ló ń padà: ìka, ìdí ìka, gìgísẹ̀, mẹ́rin gbáko.

Tó bá ń lọ síwájú, gìgísẹ̀ ló ń ṣáájú jáde, ìka ló ń ṣáájú padà. Tó bá ń lọ sẹ́yìn, ìka ló ń ṣáájú jáde, gìgísẹ̀ ló ń ṣáájú padà. Ibi tí yíyí síta ti ń sọnù nìyẹn tí ọmọ bá ń sáré. Tó bá ń lọ sí ẹ̀gbẹ́, kó tẹ̀ lé ibi tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má ṣe wá ẹ̀gbẹ́ gan-an tí ìbàdí rẹ̀ kò bá tó o. Kò sì gbọ́dọ̀ lọ jìnnà ju ibi tí ẹsẹ̀ gùn dé lọ. Bí ìbàdí bá gòkè tàbí tó tẹ̀ lé ẹsẹ̀ náà, ó ti jìnnà jù.

Kí ló ń bàjẹ́? Ìka ẹsẹ̀ á ká wọ abẹ́ dípò kó nà. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn iṣan kéékèèké inú ẹsẹ̀ kò tíì lágbára, àwọn iṣan gígùn tó ti ojúgun wá sì gba iṣẹ́ náà ṣe, ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe sì ni kí wọ́n fa ìka ká. Ìpele kẹta tí a sọ yẹn, níbi tí ìdí ìka wà nílẹ̀ tí àwọn ìka sì tẹ́, ló ń kọ́ àwọn iṣan kéékèèké náà, òun gan-an sì ni ọmọ tó ń sáré máa ń fò. Àṣìṣe kejì: ọrùn-ẹsẹ̀ á ká sínú, tí àtàǹpàkò á kọjú sí ẹsẹ̀ kejì. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ọmọ tó bá ń ká a báyìí nídìí barre, bẹ́ẹ̀ ló máa ká a nígbà tó bá ń balẹ̀ láti òkè, ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì yẹ̀. Àṣìṣe kẹta wà lára ẹsẹ̀ tó dúró, òun la fẹ́ kí ẹ wò jù: orúnkún rẹ̀ á rọ̀ díẹ̀, tàbí kó fì sẹ́yìn kọjá ibi tó yẹ, ìbàdí á wá yọ síta bí ẹni tó gbé ọmọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ tó ń lọ kò lè rí i láé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Tendu kan gba kíkà mẹ́jọ, mẹ́rin lálọ, mẹ́rin lábọ̀. Mẹ́rin síwájú, mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́, mẹ́rin sẹ́yìn, mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ padà, ó di tendu 16, kíkà 128. Tí fóònù tí ẹ fi ń ka ìlù bá ń lu 60 ní ìṣẹ́jú kan, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì fún ẹsẹ̀ kan. Fún gbogbo àkókò yẹn, ẹsẹ̀ kan náà ló gbé ara, tí kò sinmi. Ọmọ tó bá ṣe tendu 16 kan náà ní eré, kíkà méjì péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, á parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 32. Iye kan náà ni àwọn méjèèjì máa kọ sílẹ̀, iṣẹ́ ara wọn kò sì jọra.

Ìdí méjì ló mú kí ìpẹ̀lẹ́ ṣe ohun tí ìyára kò lè ṣe. Àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ tí a jù síta fúnra rẹ̀ ló ń lọ. Iṣan ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ láti jù ú, ó ṣiṣẹ́ ní ìparí láti dá a dúró, ó sì sinmi láàárín. Tí a bá fà á jáde ní kíkà mẹ́rin, kò sí ibi tó lè sinmi sí, ibi tó bá ti ń gbọ̀n láàárín ọ̀nà, ibẹ̀ ni kò tíì lágbára. Ìkejì, ara nílò àkókò láti gbọ́ ìròyìn ara rẹ̀. Kí ọpọlọ tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń yà, kó tó rán àtúnṣe, bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ti lọ. Ìgbésẹ̀ tó yára ti parí nígbà yẹn, àtúnṣe bá ọjà ní títú. Nínú ìgbésẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọmọ lè ṣàtúnṣe kí ẹsẹ̀ tó dé ibi tó ń lọ.

Ṣùgbọ́n àṣetúnṣe kò mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Ohun tí ọmọ bá ṣe ní igba ìgbà ni ara rẹ̀ máa mú, ì báà jẹ́ pé ó tọ́ tàbí kò tọ́. Nítorí náà, a kò fara mọ́ kí wọ́n máa fi iye jẹ ọmọ níyà, kí wọ́n ní kó ṣe ọgọ́rùn-ún kó tó lọ sílé. Ìgbà tí mẹ́ta bá bàjẹ́ tẹ̀ léra, ẹ dúró. Kó gbọn ẹsẹ̀, kó yí sí apá kejì. Iṣan tó ti rẹ̀ kò ní kọ́ ohun tó dára mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìṣẹ́jú 20 sí 25 lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé nìkan, torí pé ẹ̀kọ́ ara máa ń jókòó lẹ́yìn tí èèyàn bá ti sùn. Ẹ má wo ilẹ̀, ẹ má sì gbọ́kàn lé dígí: orí tó tẹ̀ láti wo ẹsẹ̀ ti yí ìdúró padà. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ní gíga ọrùn-ẹsẹ̀, lẹ́yìn ọmọ náà, kó ya á, kí ẹ jọ wò ó lẹ́yìn náà.

Àwọn ìgbésẹ̀ yòókù tẹ̀ lé ara wọn: dégagé (tendu tó kúrò nílẹ̀ díẹ̀), rond de jambe (fífi ẹsẹ̀ ya ìlàjì òbìrìkìtì), fondu, frappé, développé (ṣíṣí ẹsẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀), grand battement (jíju ẹsẹ̀ sókè). Fondu nìkan la fẹ́ tọ́ka sí, níbi tí ẹsẹ̀ tó dúró ti ń tẹ̀ tó sì ń nà nígbà kan náà pẹ̀lú ìkejì. Òun ló sún mọ́ bíbalẹ̀ láti inú fífò jù lọ, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tète parí ọ̀kan ju ìkejì lọ. Frappé yàtọ̀. Ìkọlù kíákíá ni, bí a bá ń ṣe é pẹ̀lẹ́ títí, a ń kọ́ nǹkan míì. A lè fi kíkà mẹ́rin kọ́ ọ̀nà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà kó máa yára. A ní láti sọ èyí gbangba, nítorí àwọn kan ti gbọ́ pé ìpẹ̀lẹ́ dára, wọ́n wá fi ọdún méjì ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọmọ kò sì lè fò. Tendu pàápàá gbọ́dọ̀ gòkè: mẹ́rin jáde, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà ọ̀kan. Nígbà tí gbogbo 16 bá mọ́, tí ọwọ́ sì lè kúrò lórí barre láìmì, ó tó láti gòkè. Bó bá bàjẹ́ lókè, kó sọ̀ kalẹ̀ padà. Lẹ́yìn tó bá ti mọ wọn, ẹ da ìlànà rú, kó má mọ èyí tó ń bọ̀, nítorí orí ìtàgé kì í tò wọ́n fún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa níbí gan-an. Ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ tó wá kọ́ ballet kì í ṣe ẹni tí kò mọ ijó. Ó ti rí bí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ṣe ń jó wọlé níbi Ojúde Ọba, ó ti jó sí dùndún níbi ìnáwó. Ijó tiwa ń tẹ orúnkún, ó ń tẹ àyà síwájú díẹ̀, ó ń fi ìdí sẹ́yìn, ara ń wá ilẹ̀. Nítorí náà plié rẹ̀ máa ń rọ̀, ó sì mọ ibi tí ìlù ń lù láìkà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé gbàrà tó bá tẹ orúnkún, àyà á tẹ̀ síwájú, ìdí á yọ, nítorí bí ara rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Olùkọ́ tó bá sọ fún un pé ó ń jó burúkú ṣì í lọ́nà. Kò burú, ijó míì ni. Ẹ ní kó kọ ẹ̀yìn sí ògiri, kí ìdí, àárín ẹ̀yìn àti orí kan ògiri, gìgísẹ̀ ìnṣì méjì síwájú, kó wá ṣe demi-plié mẹ́jọ láìjẹ́ kí ọ̀kan kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, kó jó dùndún díẹ̀, kó padà sí ògiri. Ara ọmọdé lè mọ ìdúró méjì, bó ṣe lè gbọ́ èdè méjì, bí a kò bá fi ọ̀kan tẹ́ ìkejì.

Nínú àwọn ìbéèrè tí ẹ bi wá, ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá kí ọmọ kọ́kọ́ na ẹsẹ̀, kó ya á sílẹ̀ pátápátá, kó tó wá sídìí barre. Rárá. Ìnà tó pẹ́, tí èèyàn di mú ju ìṣẹ́jú kan lọ, ń dín agbára iṣan kù fún ìgbà díẹ̀. Kó rìn, kó sáré díẹ̀, kó yí ọrùn-ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ìnà gígùn dúró di ẹ̀yìn kíláàsì tí ara ti gbóná.

Wọ́n tún béèrè orin. Dùrù kò pọn dandan. Ohun tí plié àti tendu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nílò ni ìlù tí kì í yára sí i láàárín. Àpàlà Haruna Ishola tó rọra ń lọ, tí agogo rẹ̀ dúró sójú kan, dára fún plié, bí olùkọ́ bá ń kà á sókè.

Ìbéèrè tó kù ni ti bàtà orí-ìka, bàtà tí wọ́n fi ń jó lórí ṣónṣó ìka ẹsẹ̀, èyí tí gbogbo ọmọbìnrin ń fẹ́. Kí ọmọ tó pé bí ọdún 11 tàbí 12, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì le tó, bó bá sì pé ọdún yẹn pàápàá, ọdún bíi mẹ́ta iṣẹ́ déédéé ti yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ orí nìkan kò tó. Kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ìka ọwọ́ méjì péré lórí barre, kó gun orí ìdí ìka ẹsẹ̀ kó sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbà 20, orúnkún nínà, ọrùn-ẹsẹ̀ láìká sínú tàbí síta, kó ṣe ìkejì bákan náà. Bí ti ìkejìlá bá ti ń mì, bàtà yẹn kò tíì kàn án. Kó máa gun un ní kíkà mẹ́rin, kó máa sọ̀ ní kíkà mẹ́rin, mẹ́jọ fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Tí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá ń dùn ún lówùúrọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ dá gígun náà dúró, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kó tó padà sí i.